Orí Tó Bọ́ Sínú Tìmùtìmù

Láàárọ̀, awọ ni mò ń bá jà.
Mo ti rẹ ẹ́ sómi láti àná, ó ti rọ̀ bí ọmọ tó sunkún tán;
mo tẹ́ ẹ sórí pákó tí mo jogún lọ́wọ́ Bàbá Oyèdòkun,
mo ń fi ẹnu abẹ bó pupa lójú rẹ̀ kí funfun lè yọjú.
Lálẹ́, òkú ni.
Ọkùnrin kan kú sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú.
Láti oṣù Ẹ̀bìbì ló ti kú.
Èmi tí mo pa á sínú ìwé
ni n kò mọ ẹni tó pa á.

Wọ́n ń bi mí lọ́jà Akẹ̀sán pé, "Ìyá Motúnráyọ̀,
èwo gan-an niṣẹ́ yín?"
Tìmùtìmù ló ń sanwó iná,
ìwé ló ń jẹ iná ọ̀hún.
Owó tó wọlé lórí ìwé mi tó kọjá
kò ra awọ ewúrẹ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òwú ti wọ́n. Àkísà náà ti dolówó.
Ìtàn tí mo bá kọ tí kò dùn, yíya ni,
kíkì ni, ó di inú tìmùtìmù.
Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Apáàrà ń gbẹ́sẹ̀ lé
ọlọ́pàá mẹ́ta tí mo yọ kúrò nínú ìtàn.
Ìyàwó pásítọ̀ kan l'Ówódé ń fi ìdí tẹ
lẹ́tà ìfẹ́ tí kò wúlò fún mi mọ́.

Lóru Ọjọ́bọ̀, wọ́n múná lọ.
Mo fẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú, mo fọwọ́ di báírò mú,
orí tó kẹ́yìn dé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn:
ojú ewé mọ́kànlá. Àkùkọ kọ. Mo sùn sórí àga.
Nígbà tí mo jí, tábìlì mọ́ tónítóní.
Ìdàyátù, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, ń gbálẹ̀.
Ó ní oníbàárà kan wá láti Fìdítì, kò tiẹ̀ pa ọ̀kadà,
tìmùtìmù rẹ̀ kò kún tó, òun wá nǹkan fi dí i.
Mo ní, "Ìwé orí tábìlì ńkọ́?"
Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìwé tí ẹ bá ti kọ,
ikùn tìmùtìmù ló ń lọ."

Kí ni n ó wí?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé mi kì í sunkún.
Èmi sunkún díẹ̀, mo wá bọ́ sọ́nà Fìdítì.
Mo bi ọlọ́kadà, mo bi ẹlẹ́pà:
"Ẹrù roboto, aláwọ̀ pupa?"
Ẹlẹ́pà nàka sí òpópónà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Màmá Àwẹ̀ró jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú,
orí mi ló gbé wọn lé.
Ó ní láti ọdún tó kọjá,
àná lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn dáadáa.
Abẹ wà nínú báàgì mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò,
mo ń wá ibi tí n ó ti tú u.
Ojú abẹ́rẹ́ Ìdàyátù gún régé;
n kò rí kókó òwú.
Inú ló so ó sí.
Awọ ti dé pa, ọwọ́ rẹ̀ wà níta, kókó wà nínú.

Mo dìde. Orúnkún mi dún.
Ilẹ̀kùn. Látinú. Ọwọ́ níta.
Gbogbo ojú ewé mọ́kànlá yẹn, irọ́ ni.
Màmá Àwẹ̀ró ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Nínú mọ́tò tó ń padà sí Ọ̀yọ́
mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì títí rìsíìtì fi tán,
mo wá ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, títí dé ọrùn ọwọ́.
Ìdàyátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.
Awọ méjì wà nílẹ̀ tó yẹ kí n rẹ.
Mo ní kó bá mi rẹ wọ́n.
Lónìí, ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kan omi.